Fíìmù Méjì Tó Jẹ́ Ẹgbẹ́ Àbújá

Oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun Murtala Muhammed ṣe òfin tó dá Àbújá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú tuntun. Ọdún yẹn kan náà ni Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe. Ọdún yẹn náà sì ni Adamu Halilu sọ Shaihu Umar, ìwé ìtàn Abubakar Tafawa Balewa, di fíìmù ní èdè Hausa. Ẹgbẹ́ ni ìlú náà àti fíìmù méjèèjì, síbẹ̀ wọn ò pàdé.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi máa kó kúrò l'Ékòó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, fíìmù orí róólù ti ń kógbá sílé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì, ojú ọjà sì yí padà. Àwọn àgbà Ìbàdàn àti Èkó ṣì lè nawọ́ sí gbọ̀ngàn kan pé ibí làwọn ti wo fíìmù orí róólù. Àbújá ò ní irú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti Ìlọrin wá bá jókòó ti ẹja yíyan ní Kado pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti Kaduna wá, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń wo sinimá àtijọ́.

“Àlàájì, ṣé ẹ wo Àjàní Ògún rí?”

Àlàájì ò wò ó rí, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀ láti sọ, ìyẹn Shaihu Umar: ọmọdé kan tí wọ́n jí gbé, tó bá ara rẹ̀ ní Íjíbítì, tó di onímọ̀ ẹ̀sìn, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wá a kiri nínú aṣálẹ̀.

Ọdẹ ni Àjàní ní tirẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹni ńlá fi èrú gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, ọmọ Agbamu tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, ló ṣe é. Dúró Ládípọ̀ náà wà níbẹ̀. Paris ni Balógun ti kọ́ iṣẹ́ sinimá, àmọ́ inú ẹgbẹ́ alárìnjò ló ti kó òṣèré, orin àti ijó wọn sì bá wọn wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń gbé eré orí ìtàgé kiri náà ni wọ́n ṣe gbé fíìmù kiri. Ọkọ̀ á ti fi gbohùngbohùn kéde káàkiri ìgboro. Tó bá di alẹ́, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn gbọ̀ngàn ilé-ìwé, aṣọ funfun á wà lára ògiri, ọmọ ẹgbẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba owó. Inú agolo pẹlẹbẹ ni róólù ń gbé. Róólù 35mm tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2,000 kì í kọjá ìṣẹ́jú 22, nítorí náà agolo márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń di fíìmù kan.

Ẹ̀dà àwọn fíìmù náà ò pọ̀, ọwọ́ àwọn tó ni wọ́n ni wọ́n sì ń wà. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru. Àwọn olè dà á sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì wọ bàbá lọ́rùn. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ayédèrú ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onífíìmù gbé fíìmù wọn sórí fídíò. Ó bani nínú jẹ́, nítorí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ olè tì mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la pẹ̀lú. Òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ fíìmù aláwọ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ọdún 1986, ta ló fẹ́ rówó tẹ ẹ̀dà tuntun?

Shaihu Umar rí ẹni wá a. Didi Cheeka, onífíìmù ọmọ Nàìjíríà, ṣe kòńgẹ́ àwọn agolo tó ti dípẹtà nínú ilé àtijọ́ ẹ̀ka fíìmù ìjọba amúnisìn l'Ékòó, ìwákiri sì dé ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí róólù Halilu tí wọ́n rò pé ó ti sọnù. Arsenal, iléeṣẹ́ fíìmù kan ní Berlin, bá wọn tún un ṣe, àwọn èèyàn sì wò ó ní àjọ̀dún Berlinale ní 2018. Kì í ṣe gbogbo róólù ló ń rí irú oore bẹ́ẹ̀. Èyí tí ooru bá ti bà jẹ́ máa ń rùn bí ọtí kíkan, á sún kì, á ká kò, á lẹ̀ mọ́ra, kò sì ní gba inú ẹ̀rọ kọjá mọ́.

Láti 2006 ni àjọ ìjọba tó ń rí sí fíìmù, tó ni ilé ìpamọ́ Jos, ti ń ṣe àjọ̀dún Zuma l'Ábújá. Níbẹ̀ ló yẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí ti wo fíìmù ara wọn. Kí Shaihu Umar kọ́kọ́ wọlé, òun tí wọ́n ti tún ṣe. Ní ti Àjàní Ògún, kí àjọ náà lọ wá róólù rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí àwọn tó ṣe é àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń fọ fíìmù lókè òkun nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó wò ó ṣì wà láyé.