Pijó 504 kò ní ṣáásí: irin wo ló yẹ ká jó mọ́ ọn?

Bí ohùn mi bá ń há, eruku ọyẹ́ ni, ẹ má bínú.

Arákùnrin wa kan béèrè ọ̀rọ̀ síbí lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì ṣèlérí pé màá fi ohùn dáhùn. Ó ra Pijó 504 onílẹ̀kùn méjì, coupé tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣe fàájì nígbà kan. Tí wọ́n bá fi jákì gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ilẹ̀kùn kì í padé mọ́. Ara mọ́tò ń lọ́ nìyẹn. Wẹ́dà wá ní kó lọ ra angle iron tó nípọn, òun á jó o mọ́ abẹ́ rẹ̀ látiwájú dé ẹ̀yìn, ó ní "ṣáásí tuntun" nìyẹn. Owó tó pè kò kéré, owó ọjà sì ni arákùnrin wa fẹ́ fi san án. Mo ní kó dúró ná, ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe mọ́tò náà.

Àwa ará Narayi mọ Kakuri, kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni PAN wà. Ìjọba àpapọ̀ àti Peugeot ti ilẹ̀ Faransé tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lọ́dún 1972, nígbà Gowon. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 1975, mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Lọ́dún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ilé-iṣẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kan mọ́tò kò jọra. Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá ní pákó irin nísàlẹ̀ tó ní eegun ẹ̀yìn láàárín, wọ́n á wá fi bóòtù de ara mọ́tò mọ́ ọn. Ẹ lè tú u sọ́tọ̀. 504 kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Páànù ni wọ́n ṣẹ́ bí àpótí, tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ pọ̀ lójú kéékèèké, ojú kan lẹ́yìn òmíràn. Ilẹ̀ mọ́tò, abẹ́ ilẹ̀kùn, òpó gíláàsì àti òrùlé, gbogbo wọn ló jọ ń gbé ẹrù. Ẹ mú páálí bàtà, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ, á lọ́. Ẹ dé e padà kí ẹ tún gbìyànjú.

Lójú tèmi, ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Àwọn tó kọ́ àwọn ọ̀gá wẹ́dà wa níṣẹ́, orí lọ́rì ni wọ́n ti kọ́ ọ, Bedford àti Mercedes 911. Lọ́rì ní ṣáásí gidi, irin gígùn méjì tí irin kéékèèké dábùú, bí àkàbà tí a tẹ́ sílẹ̀. Tó bá sán, ẹ jó irin tó nípọn mọ́ ọn, ó parí, irin pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n páànù tó pọ̀ jù lára mọ́tò bíi 504 kò nípọn ju mílímítà kan lọ. Ẹ jó angle iron mọ́ irú páànù bẹ́ẹ̀, iná á jẹ ẹ́. Tí ẹ bá tún bọ́ sójú títì tó rí gbágungbàgun, ìdí ibi tí irin líle yẹn parí sí gan-an ni páànù á ti ya.

Peugeot fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ 504 tó máa gbẹ́rù, wọn kò kan ki irin sábẹ́ rẹ̀. Station wagon tí gbogbo wa wọ̀ lọ sílé rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú sí ti ẹ̀yìn gùn tó mítà 2.90, ti sedan jẹ́ 2.74. Wọ́n sì fi sípíríǹgì méjì méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Ní ti coupé tí Pininfarina yàwòrán rẹ̀ ní Ítálì, ńṣe ni wọ́n gé e kúrú sí 2.55. Mọ́tò kúkúrú kì í tètè lọ́. Coupé yìí náà ni Jean-Pierre Nicolas fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya lọ́dún 1978. Ẹ mọ̀ bí ojú ọ̀nà Safari ṣe rí, abi? Kì í ṣe mọ́tò ọ̀lẹ.

Ẹ tún wo ìjàpá tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, èyí tí ilé-iṣẹ́ Karmann ṣe ní Jámánì. Nígbà tí wọ́n gé òrùlé, agbára mọ́tò lọ. Ibo ni wọ́n jó irin sí? Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ibi tí ẹrù sọ̀ sí ni wọ́n ti gbé e.

Nítorí náà, arákùnrin wa, abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ṣẹ́ńkẹ́ irin tó mú gún un. Tó bá wọlé, ìpẹtà ti jẹ inú àpótí yẹn tán, kò sí angle iron tó lè gbà yín. Ẹ gé gbogbo èyí tó jẹrà kúrò. Páànù mílímítà kan àbọ̀ tí a ṣẹ́ bí àpótí, tó dé lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni kí ẹ rà, kì í ṣe irin pẹlẹbẹ. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ gùn kọjá ibi tó ti bàjẹ́, kí ẹ dá a tẹ́ẹ́rẹ́ níparí kí ẹrù má baà sọ̀ sójú kan ṣoṣo. Bí owó bá kù, ẹ fi irin kan dábùú lábẹ́ ìjókòó kó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ CO2 ni kí ẹ lọ, gáàsì kábáìdì máa ń mú páànù gbóná jù, á sì ká. Kó jó o díẹ̀ níhìn-ín, kó fò lọ sọ́hùn-ún, kó jẹ́ kó tutù. Kí mọ́tò dúró lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹ máa wo àlàfo etí rẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Tí ẹ bá jó o lórí jákì, bó ṣe lọ́ yẹn náà ló máa gan sí. Kí ihò omi wà nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé tánkì epo kúrò kí ó tó tan iná.

Èyí tó bá ṣòro nínú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò abẹ́ mọ́tò wá síbí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ó dàárọ̀ o.