Wẹ́ẹ̀jì, Ewé Tútù àti Sí-kọ́ṣọ̀n: Ìtàn Ohun Tí Awakọ̀ Ń Dì Nítorí Ewu Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó tàbí iye tí wọ́n ń tà á. Àwọn nǹkan tí awakọ̀ ń dì sínú ọkọ̀, tí ó sì ń gbàdúrà kí òun má rí ìlò wọn, ni a fẹ́ yẹ̀ wò: wẹ́ẹ̀jì, jáàkì, ẹ̀sítírà taya, okùn ìfàkọ̀, tọ́ọ̀ṣì, àti àmì onígun mẹ́ta tí a mọ̀ sí sí-kọ́ṣọ̀n. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ogun tí àwọn awakọ̀ ìgbà kan gbọ́ tẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ó tú ẹrù ọkọ̀ wọn wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an. Kí mọ́tò tó dé, ọkọ̀ tí Yorùbá mọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n ń fi igi gbẹ́, tí wọ́n sì ń fi àjẹ̀ wà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, tí wọ́n sì la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1906, èdè wa kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ni ó yá lò. Ìdí nìyí tí a fi ń wa mọ́tò títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹni ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀sà. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń yọ mọ́tò nínú wàhálà, ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá: taya, jáàkì, sípánà, wẹ́ẹ̀jì. Ọkọ̀ jẹ́ ohun àtijọ́ létí wa, ṣùgbọ́n irú ewu tí mọ́tò gbé dé jẹ́ tuntun.

Ìgbà bọ́lẹ̀kájà ni ewu yìí fojú hàn jù lọ. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ lọ́rì wá. Bedford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1931, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀. Àwọn káfíńtà ilé wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń to bẹ́ǹṣì sí i fún èrò, tí wọ́n sì ń kun ún ní ọ̀dà pẹ̀lú òwe àti àdúrà. Àwọn kan ní ìjà tí ìfúnpọ̀ àwọn èrò ń dá sílẹ̀ ló bí orúkọ náà, àwọn mìíràn ní ìjà àwọn tó ń pe èrò ní gáréèjì ni. Bó ti wù kó jẹ́, èrò àti ẹrù ni ọkọ̀ yìí ń kó pọ̀: iṣu, kòkó, ẹpo, adìyẹ, àti ènìyàn. Ẹrù náà sì máa ń wúwo ju ohun tí bíréèkì lè dá dúró lórí òkè.

Níbẹ̀ ni wẹ́ẹ̀jì ti wọlé. Ìtì igi líle ni, tí wọ́n gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ ní apá kan, tí wọ́n sì sábà máa ń kan ọwọ́ gígùn mọ́. Mọ́tò-bọ́ì, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọmọ ọkọ̀, ni ó ni í. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó máa ń dúró sí. Bí lọ́rì bá ń gun òkè, tí agbára rẹ̀ sì pin, mọ́tò-bọ́ì yóò fò sílẹ̀, yóò sì ki wẹ́ẹ̀jì sí ẹ̀yìn taya kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Bí taya bá ti gun ìdagẹ̀rẹ̀ igi náà, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ igi mọ́lẹ̀, tí kò fi ní lè yẹ̀. Ohun tó fẹ́ pa èrò ni ó wá di ohun tó gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọmọ ọkọ̀ bá pẹ́, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ lórí amọ̀ pupa tí òjò ti pa, òun ni taya yóò kọ́kọ́ bá. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka ohun èlò ọkọ̀ ayé àtijọ́, kí a má gbàgbé pé ènìyàn ni ó wà ní ipò kìíní nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lówó, tó ń kọ́ iṣẹ́ kí òun náà lè di awakọ̀ lọ́jọ́ kan, ni ó ń fi ara rẹ̀ dí ewu náà.

Ohun mìíràn wà tí a kì í rí lórí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ jẹ́ ọmọ Ògún, nítorí pé irin ni wọ́n ń gùn. Àwọn mìíràn a sì máa wá oògùn. Nínú àwọn oògùn tí Yorùbá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, egbé gbajúmọ̀ púpọ̀: wọ́n ní ó máa ń gbé ẹni tó ní in kúrò nínú ewu lọ sí ibòmíràn. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ní in nìkan ni egbé ń gbé. Èrò tó wà lẹ́yìn kò sí nínú àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n wẹ́ẹ̀jì, bí ó ti jẹ́ igi lásán, kì í yan ẹni tí yóò gbà là. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ni ó ń dúró fún.

Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ lásìkò òjò, ohun tí wọ́n ń ṣe kò le láti yé. Taya tó ń yí lórí ẹrẹ̀ kò rí ohun tó le dì mú, bí awakọ̀ bá sì ń tẹná mọ́ ọn, ńṣe ni yóò máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Nítorí náà ṣọ́bìrì, àdá àti okùn tó yi ṣe pàtàkì ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ. Wọn yóò gé ẹ̀ka igi sí abẹ́ taya, èrò yóò bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ọkùnrin àti obìnrin yóò sì jọ tì í. Ẹni tó sanwó ọkọ̀ mọ̀ pé òun lè fi agbára kún owó.

Nígbà tó yá, danfo gba ìgboro. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ Volkswagen, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní ọdún 1950. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ni ó sì ń tù ú lára, kì í ṣe omi. Èyí yí ẹrù awakọ̀ padà. Ẹni tó ń wa lọ́rì gbọ́dọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání nítorí ràdíétọ̀. Ẹni tó ń wa danfo ìgbà náà kò ní ràdíétọ̀, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kan ni ó ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá já, láìpẹ́ ni ẹ́ńjìnnì yóò gbóná kọjá ààlà. Awakọ̀ tó gbọ́n yóò ní bẹ́líìtì kejì àti sípánà tó bá a mu. Ẹrù tí ènìyàn ń dì gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ tó ń wà mu.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ewé tútù. Bí ọkọ̀ bá takú sójú ọ̀nà, ọmọ ọkọ̀ yóò já ẹ̀ka igi tàbí koríko, yóò sì tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ ní ìdí-ìdí. Gbogbo awakọ̀ tó bá rí i mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níwájú. Àrokò ni, àwọn ènìyàn wa sì ti mọ àrokò kí mọ́tò tó dé. Lójú ọ̀nà tó wọ́, tí ọkọ̀ ń rọra rìn, ewé náà tó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí awakọ̀ tó mọ̀ pé ewé ni òun rí, ó ti lè dé ìdí ọkọ̀ tó takú. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ewé kò yàtọ̀ sí ọ̀dà ojú títì.

Ìdí nìyí tí sí-kọ́ṣọ̀n fi ju ewé lọ. Àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú pópó, tí wọ́n ṣe ní Vienna ní ọdún 1968, wà lára ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ara rẹ̀ pupa, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹni tó tan iná sí i, tí a ó fi rí i láti ọ̀nà jíjìn lóru. Nílẹ̀ wa, Wole Soyinka, ẹni tó kọ eré The Road ní ọdún 1965 lórí ayé àwọn awakọ̀ àti ikú ojú ọ̀nà, wà lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988, òun ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń béèrè sí-kọ́ṣọ̀n, ẹ̀sítírà taya àti agolo apaná lọ́wọ́ awakọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ń ra sí-kọ́ṣọ̀n nítorí ẹ̀ṣọ́, tí wọn kì í sì í gbé e jìnnà sí ìdí ọkọ̀ nígbà tí ewu bá dé. Àwọn mìíràn ń fi òkúta ṣe wẹ́ẹ̀jì, wọn a tún ọkọ̀ wọn ṣe tán, wọn a sì fi òkúta náà sílẹ̀ láàárín títì kí ó di ikú fún ẹlòmíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti padà sí ìwà egbé: ó ti gba ara rẹ̀ là, ó bùṣe.

Egbé wà fún ẹni tó ni í. Wẹ́ẹ̀jì wà fún gbogbo èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ewé tútù àti sí-kọ́ṣọ̀n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ti mọ̀ pé ọkọ̀ takú. Àjèjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ni a ń tò wọ́n fún. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn àjò, ẹ di ẹrù tiyín, kí ẹ sì di ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ ọn. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire o. Ó dìgbà kan ná.