Dúró Ládiípọ̀ àti Orin Ohùn Mẹ́rin

Láti ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù òyìnbó ni orin ohùn mẹ́rin ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀wọ́ akọrin kọ̀ọ̀kan a di ohùn tirẹ̀ mú, dùùrù a sì máa tẹ̀ lé wọn. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó lábùkù. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n nípá. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé rẹlẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. Bí ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin tilẹ̀ ṣọ́ ohùn ọ̀rọ̀ dáradára, ohùn kan ṣoṣo ni ó lè ṣọ́ tán. Àwọn mẹ́ta yòókù ń gba ọ̀nà tiwọn lọ. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó jẹ́ olórí olórin ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, kò fojú fo ọ̀rọ̀ orin Yorùbá dá. Ó tẹ ìwé jáde lé e lórí ní 1953.

Ẹni tí ó bá ti Òṣogbo gba Ìlobùú lọ sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìrìn tí kò jìn rárá, yóò bá ìlànà mìíràn pàdé nínú orin Erinlẹ̀ ní Ìlobùú àti orin Òrìṣà Olúfọ́n ní Ìfọ́n. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Ọ̀yọ́, ẹnì kan a lé orin, àwọn ìyókù a sì gbè é ní ohùn kan náà. (Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì a máa pín ohùn sí méjì, ṣùgbọ́n méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n sì jọ ń sọ̀kalẹ̀ ni.)

Ní Òṣogbo ni a bí Dúró Ládiípọ̀ ní 1931. Katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, inú orin ìjọ ni ó sì gbé dàgbà. Olùkọ́ ilé-ìwé ni. Orin kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní 1961 ó ṣẹ̀dá orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù dùndún wọlé. Ni ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn. Kò yẹ kí a ka àwọn tí ó bá a wí sí òpè: lójú ẹni tí baba rẹ̀ ti kọ òrìṣà sílẹ̀, ìlù kì í ṣe igi àti awọ lásán.

Ládiípọ̀ wá ibòmíràn fún orin rẹ̀. Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ti gbé Ẹdẹ àti Ìlobùú kí ó tó tẹ̀dó sí Òṣogbo, ni ó kì í láyà. Ní oṣù kẹta 1962, ilé ọtí Ládiípọ̀ di Mbari Mbayo. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari. Àwọn ará Òṣogbo ni wọ́n sọ ọ́ di "m bá rí, m bá yọ̀".

Láti ìgbà náà, àwọn olùkọ́ rẹ̀ yí padà: àwọn onílù, àwọn apohùn àti àwọn oníṣàngó. Nínú Ọba Kò So, tí ó kọ́kọ́ ṣe ní 1963, oríkì, Ṣàngó pípè àti ìlù bàtá ni ó gba iwájú. Ọ̀rọ̀ ni ó ń darí ohùn. Òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó. Ní 1964 wọ́n ṣe é ní Berlin, níwájú àwọn tí kò gbédè.

Ládiípọ̀ kú ní 1978. Lóde òní, dùndún ń dún nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nílẹ̀ Yorùbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin tí wọ́n ṣì ń kọ ohùn mẹ́rin.