Bí a ṣe ń to ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ fúnra ẹni: àlàyé láti Ọjà Ọba, Bìní

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń tajà ní Ọjà Ọba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ring Road níbí, kì í délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ètò tí wọ́n bá ṣe lórí tẹlifíṣàn ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, ẹnu àwọn ọmọ la ti ń gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, ẹgbẹ́ wa gan-an ni wọ́n ń fi hàn. Wọ́n á fi ayẹyẹ wa hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán. Bàbá kan tó ṣàdúrà fún wa nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ti di olóògbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá ẹ̀dà ètò náà títí, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní àwọn ti fi nǹkan mìíràn lé e lórí. Ohùn bàbá lọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ to ẹ̀rọ tí yóò máa gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí a lè wò ó nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kì í ṣe ohun tó gba sísan owó oṣooṣù. Ètò tó ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí afẹ́fẹ́ là ń sọ.

Kí ni ẹ̀rọ yìí jẹ́?

Láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì, a máa ń ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ, a ó sì tẹ bọ́tìnnì pupa. Ní ọdún 1999 ni TiVo àti ReplayTV jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi hard disk rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì. Ní 2002, ọ̀gbẹ́ni Isaac Richards bẹ̀rẹ̀ MythTV, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè to irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé ara rẹ̀.

Nǹkan 4 ló para pọ̀ di ẹ̀rọ náà: àǹtẹ́nà, tuner tó ń túmọ̀ ohun tí àǹtẹ́nà gbà fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà pẹ̀lú hard disk, àti ètò kọ̀ǹpútà tó mọ aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti aago tí yóò dá a dúró.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìgbì tó dé àdúgbò yín

Ibí yìí ni owó ti máa ń ṣòfò jù. Ìgbì tẹlifíṣàn pé oríṣi méjì: ti àtijọ́ tí à ń pè ní analogue, àti ti ìgbàlódé, ìyẹn díjítà. Tuner ọ̀kan kò lè gba èkejì àfi tí wọ́n bá dìídì ṣe é fún méjèèjì.

Ní 2006, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva pé kí analogue parí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015. Ọjọ́ náà kọjá lórí Nàìjíríà. Jos ló kọ́kọ́ bọ́ sí díjítà, ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Abuja tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Lẹ́yìn náà ni Ìlọrin, Kaduna, Enugu àti Òṣogbo. Ó di 2021 kó tó dé Èkó àti Kánò. Edo kò sí lára àwọn wọ̀nyẹn. Ní Bìní níbí, nọ́ńbà tí gbogbo wa mọ̀ ni NTA lórí 7, ITV lórí 22 àti EBS lórí 55, tí gbogbo wọn jẹ́ nọ́ńbà analogue. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Jos tàbí Kánò lè má nílò ohun tí ẹni tó wà ní Bìní nílò.

Ẹ má fi ẹnu oníṣòwò mọ̀ ọ́n, ẹ fi ojú ara yín mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìkànnì náà lọ́jọ́ tí kò bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí àwòrán bá ń hó bí ẹni da iyanrìn sí i, tí ohùn sì ń ké ṣììì, analogue ni. Tí àwòrán bá ń gé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, tó ń dúró gbagidi, tàbí tó kàn pòórá pátápátá, díjítà ni.

Àǹtẹ́nà àti waya

Àǹtẹ́nà tó dára lórí òpó sàn ju tuner olówó gọbọi lọ. Ìkànnì 7 wà ní VHF. 22 àti 55 wà ní UHF. Irin àǹtẹ́nà VHF máa ń gùn, ti UHF máa ń kúrú. Tí ẹ bá fẹ́ gba méjèèjì, ẹ ra àǹtẹ́nà tó ní irin gígùn àti kúkúrú pọ̀. Ẹ kọ orí rẹ̀ sí ibi tí òpó gogoro ilé iṣẹ́ náà wà. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ wo ibi tí àǹtẹ́nà àwọn aládùúgbò kọjú sí.

Ẹ béèrè waya RG-6. Waya tín-ín-rín tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú máa ń gbé ìgbì mì kó tó dé inú ilé. Tí ẹ bá máa lo booster, òkè òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtẹ́nà ni kó wà; tó bá wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn, ariwo tó ti wọ inú waya ló máa sọ di ńlá. Ẹ rántí pé tí ẹ bá pín waya kan sí méjì, kí tẹlifíṣàn gba ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà gba ọ̀kan, ìlàjì agbára ìgbì, àní ó dín díẹ̀, ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òjò Bìní kì í ṣe eré. Tí ààrá bá ti ń sán, ẹ yọ waya àǹtẹ́nà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì gbé òpó irin dúró níbi tó ti lè ṣubú lu waya iná. Ẹ̀mí ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn mọ́.

Rírà tuner: ẹ ka ara páálí

Láti inú Ọjà Ọba títí dé Mission Road, ẹ ó rí tuner tó ń wọ ojú USB. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ wò:

- DVB-T2: èyí ni ti díjítà orí afẹ́fẹ́ tí Nàìjíríà mú. Òun lẹ nílò ní ìlú tí díjítà ti dé.
- DVB-T lásán, tí kò ní 2: kò lè gba T2. Ó jọ ọ́, kì í ṣe òun.
- DVB-S tàbí S2: ti sátẹ́láìtì ni, abọ́ ló ń lò.
- ATSC: ti Amẹ́ríkà ni. Kò ní gba nǹkan kan níbí.
- PAL B/G: ti analogue wa ni. Ẹ wá a tí ìgbì ìlú yín bá jẹ́ ti àtijọ́.

Nítorí náà, tí ọmọ yín ní Houston bá ní òun fẹ́ fi tuner tàbí TiVo ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ ní kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tó bá ti London wá lè wúlò tó bá jẹ́ DVB-T2, torí T2 ni Freeview HD àwọn náà ń lò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà lójú yín, kí ìkànnì kan ṣoṣo jáde. Oníṣòwò tó bá mọ ọjà rẹ̀ kò ní bínú.

Tuner analogue tuntun ti ń ṣọ̀wọ́n. Ọ̀nà àbáyọ wà: ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣàn àtijọ́ tàbí ẹ̀rọ fídíò tó ní ojú AV tó ń jáde gba ìkànnì náà, kí ẹ wá fi okùn ofeefee, funfun àti pupa gbé e wọ inú ẹ̀rọ USB kékeré tó ń gba AV sínú kọ̀ǹpútà. Ìkànnì tí ẹ bá yí sí nìkan ló máa gbà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà yìí kan náà ló bá dikódà mu. Ìkànnì tí wọ́n bá ti tì pa, irú èyí tí GOtv àti StarTimes ń tà, kò lè ṣí nínú tuner kọ̀ǹpútà, bí T2 tiẹ̀ ni. Dikódà tí ẹ ti sanwó fún ló lè ṣí i.

Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà rárá, tí díjítà ọ̀fẹ́ sì wà ní ìlú rẹ̀, kó wá dikódà T2 tó ní ojú USB, tí wọ́n kọ PVR sí lára. Ó máa ki fláàṣì bọ̀ ọ́, kó sì tẹ bọ́tìnnì. Ìyẹn tó fún ẹni tí kò fẹ́ gbà ju ètò kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Kọ̀ǹpútà àti ibi ìkópamọ́

Gbígba ètò sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá fún kọ̀ǹpútà. Laptop tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ lè ṣe é, tí ẹ bá fi okùn so ó mọ́ tẹlifíṣàn. Raspberry Pi náà lè ṣe é. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe páálí tuner T2 kékeré tó ń gun orí rẹ̀.

Ìṣirò àyè rèé. Tí àwòrán bá ń wọlé ní megabit 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí 1 yóò gba megabyte 450. Tó bá jẹ́ megabit 4, wákàtí 1 di gigabyte 1.8. Hard disk gigabyte 500, tí ẹ bá yọ 50 sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, yóò gba wákàtí 250. Ètò wákàtí kan lójoojúmọ́ fún oṣù 8 nìyẹn.

Ní ti ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń lo Windows lè gba NextPVR. Ẹni tó ń lo Linux lè mú Tvheadend tàbí MythTV. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà, kó fi síbẹ̀, kó wá ìkànnì, kó sì fi bí a ṣe ń yan ètò hàn yín. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé kó tó lọ.

Aago

Ìgbì díjítà lè gbé orúkọ ètò àti àkókò rẹ̀ wá. Analogue kò ní irú rẹ̀. Aago ni ẹ ó fi ṣètò: ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ìkànnì báyìí. Àwọn ilé iṣẹ́ wa kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé aago, nítorí náà ẹ fi ìṣẹ́jú 10 ṣáájú, kí ẹ fi 20 kún ẹ̀yìn. Ìròyìn aago 9 alẹ́ ti NTA nìkan ni ẹ lè fọkàn tán díẹ̀.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní bátìrì kékeré rìbìtì kan nínú, CR2032 ni wọ́n ń pè é, òun ló ń rántí aago nígbà tí kò bá síná. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago yóò padà sí ọdún ìjelòó, ètò yín yóò sì kọjá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà náà. Níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè àgbègbè, Lagos ni kí ẹ mú.

Ọ̀rọ̀ iná

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tòkunbọ̀ lè jẹ wáàtì 60 sí 100. Laptop tí ojú rẹ̀ wà ní pípa lè má ju 25 lọ. Bátìrì ínfátà volt 12, ampere 100, ní wáàtì wákàtí 1200 nínú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tó ń lo omi tàbí gel, ìlàjì rẹ̀ nìkan ló yẹ kí a lò kó má bàa tètè kú. Wáàtì wákàtí 600 náà yóò gbé laptop fún bíi wákàtí 20. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 80 kò ní ju bíi 6 lọ. Ìdí tí a fi ń sọ pé kí ẹ mú laptop nìyẹn. Bátìrì ara rẹ̀ tún ń dì í mú nígbà tí ẹ bá ń yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ẹ ní kí ọmọ náà ṣètò rẹ̀ kó máa tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá padà dé. Ẹ ò ní sí nílé láti tàn án.

Òfin

Ní 1984, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Sony pé ẹni tó gba ètò sílẹ̀ nílé láti wò ó nígbà mìíràn kò ṣẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 fi àyè sílẹ̀ fún ìlò ara ẹni tó bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dà á sórí fláàṣì kó máa tà á ní ọjà, tàbí kó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ìyẹn ti di olè. Tí ẹgbẹ́ bá sanwó fún ètò, kí akọ̀wé gba ìwé àṣẹ láti lo ẹ̀dà lọ́jọ́ tí wọ́n ń sanwó gan-an.

Bí ẹgbẹ́ ṣe lè lò ó

Kò pọn dandan kí ilé kọ̀ọ̀kan ní i. Ẹ̀rọ kan nílé akọ̀wé tó fún ẹgbẹ́. Ẹ fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí ẹ fi orúkọ ayẹyẹ àti ti àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀ kún un. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ kó sọnù, ẹ dà á sórí hard disk méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíràn. Hard disk ń kú láìdágbére.

Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Bìní, sí Jos, sí Kánò, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ àfi lẹ́nu àwọn àgbà wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ wo àwòrán ìkànnì rẹ̀ lálẹ́ òní bóyá iyanrìn ni tàbí igun mẹ́rin, kó tó na kọ́bọ̀.