Agbára Tó Pọ̀ Jù Lọ́wọ́ Ẹnì Kan: Ohun Tó Ń Fàyè Gba Ìyọlẹ́nu Láàárín Ẹgbẹ́ Olùwádìí

Ní ìparí ọdún 1999, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan láti Yunifásítì Boston bá alámòójútó rẹ̀, David Marchant, lọ sí ilẹ̀ yìnyín Antarctica fún iṣẹ́ ìwádìí. Jane Willenbring ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2016 ló tó kọ̀wé ẹ̀sùn sí yunifásítì náà pé ọkùnrin yìí bú òun, ó fi òun ṣẹ̀sín nítorí pé obìnrin ni òun, ó sì fojú òun gbolẹ̀ nígbà tí àwọn wà níbẹ̀. Marchant ní òun kò ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó tó lórí ẹ̀sùn mìíràn, pé ó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ náà léṣe, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ìyọlẹ́nu wáyé, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2019. Ìbéèrè tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí gbé dìde lọ́kàn wa ni ìdí tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fi pa ẹnu mọ́ fún nǹkan bí ọdún 16. Ó dúró títí iṣẹ́ olùkọ́ tirẹ̀ fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní yunifásítì mìíràn, nítorí kó tó dìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kan ṣoṣo lè dínà iṣẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé agbára tí yunifásítì kó jọ sọ́wọ́ alámòójútó kan ló ń fún ìyọlẹ́nu láàyè láàárín ẹgbẹ́ olùwádìí, àti pé pípín agbára náà ni ìdènà tó dájú jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ ìwádìí ṣe rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́ ní olùkọ́ púpọ̀. Bí ọ̀kan bá mú un lọ́tàá, òmíràn lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan náà ló ń fọwọ́ sí àkòrí iṣẹ́ rẹ̀, òun ló ń ṣí láàbù fún un, òun ló ń pinnu bóyá orúkọ rẹ̀ máa wà lórí àpilẹ̀kọ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde, òun náà ló ń sọ ìgbà tí tíìsísì tó gbé lọ síwájú àwọn olùdánwò. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gboyè tán, lẹ́tà ẹni yìí kan náà ni wọ́n á ṣì máa bèèrè níbikíbi tó bá ti ń wáṣẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oníwàádìí ti ń fi owó ara wọn kàwé, ìdádúró nìkan tó ìyà. Alámòójútó tó bá fi orí kan nínú tíìsísì sínú dúrọ́ọ̀, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, kò ní ẹni tó máa bi í léèrè, bẹ́ẹ̀ owó ilé àti owó iléèwé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá wá di iṣẹ́ pápá, nínú igbó, lórí òkun tàbí láàárín yìnyín, ọ̀gá kan náà ló tún ń pàṣẹ ọkọ̀, oúnjẹ àti ibi tí wọ́n máa sùn.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Ní 2014, Kathryn Clancy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú jọ́nà PLOS ONE, lórí ohun tí ojú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń rí lẹ́nu iṣẹ́ pápá. Nínú àwọn 666 tó dáhùn, 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe tàbí ẹ̀sín yọ àwọn lẹ́nu, àwọn tó sì lé ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní wọ́n ti fọwọ́ kan àwọn láìgbàṣẹ tàbí fipá bá àwọn lò pọ̀. Àwọn tó fúnra wọn yọ̀ǹda láti sọ̀rọ̀ ni, nítorí náà iye yìí kò lè ṣojú gbogbo onímọ̀. Ohun tó wúlò jù fún wa nínú rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n dárúkọ: àwọn tó wà nípò gíga ju àwọn obìnrin lọ ni àwọn obìnrin sábà ń tọ́ka sí, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí Wellcome, àjọ tó ń fún ni lówó ìwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù, bi àwọn olùwádìí tó lé ní 4,000 léèrè nípa ibi iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020, 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti rí i kí wọ́n máa halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n máa yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti ṣẹlẹ̀ sí 43 fúnra wọn, ṣùgbọ́n 37 péré ló gbà pé àwọn lè sọ̀rọ̀ jáde láìsí pé ó máa ṣàkóbá fún àwọn. Ìwé ìwádìí tí àwọn àjọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣègùn ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018 sọ ọ́ ní gbangba: ibi tí ènìyàn ti gbà pé wọ́n ń fojú fo ìyọlẹ́nu ló ti ń pọ̀, ìgbáralé ọ̀gá kan sì wà lára ohun tó ń bọ́ ọ. Wọ́n dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ju alámòójútó kan lọ, kí owó tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ má sì wà lábẹ́ àṣẹ ẹnì kan.

Ìwé yẹn kan náà jẹ́ ká mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ìyọlẹ́nu tó wọ́pọ̀ jù kò ní ìbálòpọ̀ nínú rárá: ẹ̀sín, ìwọ̀sí àti ìfojú-tín-ín-rín nítorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin ni. Ibí ni ọ̀rọ̀ gbígba gbogbo ènìyàn mọ́ra ti wọlé. Nínú ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé obìnrin ni wọ́n máa ń ní kó lọ ra oúnjẹ ìpàdé, tó jẹ́ pé wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń lọ sí pápá nítorí pé ó lóyún, tí wọ́n ń ṣe àwàdà nípa ìgbà tó máa lọ́kọ níṣojú gbogbo ènìyàn, àwọn tó kù ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní wúwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè ìbílẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń sọ nínú láàbù, àti ẹni tó jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi kì í déédéé mú ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti tì sẹ́yìn ló ń wá. Nítorí náà n kò ka ìgbàmọ́ra sí ojú àánú. Ó jẹ́ apá kan ààbò.

Ní ilẹ̀ wa, òfin àti ìjìyà la gbójú lé jù. Ní 2018, ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì kan gbà sílẹ̀ lórí fóònù tú àṣírí ìyọlẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Yunifásítì lé e, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ní Oṣù Kẹwàá 2019, BBC gbé fíìmù ìwádìí jáde lórí àwọn olùkọ́ tó ń yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ní Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ghana, tí wọ́n fi kámẹ́rà abẹ́lẹ̀ ká. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin kan lórí irú ìyọlẹ́nu bẹ́ẹ̀ ní Oṣù Keje 2020, èyí tí ìjìyà inú rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti tako àbá náà látìgbà tó ti kọ́kọ́ jáde ní 2016, wọ́n ní òfin tó wà nílẹ̀ tó, àti pé ó tẹ òmìnira yunifásítì lójú. Èmi fara mọ́ òfin tó le. Síbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì tó mì wá yìí, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tàbí kámẹ́rà abẹ́lẹ̀ ló tú àṣírí. Bí ọmọdé bá ní láti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kí àwọn àgbà tó gbà á gbọ́, ilé ẹ̀kọ́ ti já a kulẹ̀ ṣáájú kí ilé ẹjọ́ tó jókòó.

Àwọn kan á sọ pé pípín agbára máa ba ọ̀wọ̀ tí Yorùbá ń fún àgbà jẹ́. Mo gbà pé ọ̀wọ̀ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fi agbára sílẹ̀ láìsí olùdíwọ̀n. Aláàfin fúnra rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Mèsì. Ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ níyà ní ẹbí tó lè wá bèèrè ọ̀rọ̀, àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tó lè pe ọ̀gá náà jókòó. Ètò tí alámòójútó kan kò ti ní ẹni tó ń bi í léèrè ló ṣàjèjì sí wa. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ẹ̀sùn èké, ẹ̀rù wọn kò sì jẹ́ asán. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: níbi tí ènìyàn mẹ́ta ti fọwọ́ sí ìdájọ́ lórí tíìsísì, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára kò lè sọ pé ẹnì kan ló dìtẹ̀ mọ́ òun. Olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni ètò yìí ń gbà là jù. Àtakò tó lágbára jù lójú mi ni pé olùkọ́ kò tó. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn kò ní ju ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ nínú ìmọ̀ kan. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí alámòójútó kejì fi lè wá láti ẹ̀ka mìíràn tàbí yunifásítì tó múlé gbè wọ́n. Kò dìgbà tó bá mọ gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ iṣẹ́ náà kó tó lè mọ̀ pé tíìsísì ti pẹ́ jù lọ́wọ́ ẹnì kan.

Àwọn tó ń fún ni lówó ìwádìí pẹ̀lú lè ràn wá lọ́wọ́. Ní 2018, Wellcome gba owó ìrànwọ́ tó tó mílíọ̀nù 3.5 pọ́n-ùn kúrò lọ́wọ́ Nazneen Rahman, obìnrin tó lókìkí nínú ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn ẹ̀sùn pé ó ń halẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni agbára tí kò ní ìjánu ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀kọ́ oyè gíga ní àwọn yunifásítì wa kò pọ̀: kí wọ́n yan alámòójútó méjì, ó kéré tán, fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tó bá ti wọlé, kí wọ́n jẹ́ kó lè pàrọ̀ alámòójútó láìsí ìjìyà, kó má sì jẹ́ ọwọ́ alámòójútó náà ló ti máa gba àṣẹ, kí ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn má ṣe jẹ́ ará ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ẹ̀sùn ti wá, kí ẹgbẹ́ olùwádìí sì kọ ìlànà orúkọ òǹkọ̀wé sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó ń dúró de Àbújá nínú wọn. Ìpàdé Sẹ́néètì yunifásítì kan lè fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó bá wọlé ní sáà tó ń bọ̀.