Ohun Àyálò Tí A Kò Dá Padà: Ibi Tí Agbára Kóòtù Gbèsè Kéékèèké Dé ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Òwò yíyá ohun èlò fún ènìyàn gbilẹ̀ púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í rí ọkọ̀ tí ó kó àga, tábìlì, àtíbàbà, kúlà àti ìkòkò ńlá lọ sí òde ìnáwó. Àwọn mìíràn ń yá ènìyàn ní jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàbí irinṣẹ́ ìkọ́lé. Owó tí oníṣòwò fi ra nǹkan wọ̀nyí ni owó ìdókòwò rẹ̀. Bí wọn kò bá padà wálé, òwò náà ti dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn.

Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ sọ ibi tí agbára Kóòtù Gbèsè Kéékèèké, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Small Claims Court, dé lórí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí agbára náà pin sí, àti ohun tí ó yẹ kí olùyáni àti ẹni tí ó yá nǹkan ṣe kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ohun èlò ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ gbígba ilé lọ́wọ́ ayálégbé ní òfin àti ọ̀nà tirẹ̀.

Irú kóòtù tí ó jẹ́

Ní ọdún 2018, nígbà tí Onídàájọ́ Opeyemi Oke jẹ́ Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yìí, ni a gbé kóòtù yìí kalẹ̀. Ẹ̀ka kan lára kóòtù Májísíréètì ni, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ìlànà àti fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí ẹjọ́ gbèsè tí kò tóbi má ṣe fi ọdún gbọọrọ jókòó sí kóòtù. Ìlànà náà là á sílẹ̀ pé láti ọjọ́ tí a bá pe ẹjọ́ títí di ọjọ́ ìdájọ́ kò gbọdọ̀ ju 60 ọjọ́ lọ. Ẹni tí ó pẹjọ́ lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba agbẹjọ́rò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí a pè lẹ́jọ́.

Ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà kí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́

1. Olùpẹ̀jọ́ tàbí olùjẹ́jọ́ ń gbé tàbí ń ṣòwò ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí ohun tí ó fa ẹjọ́ náà ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, yálà gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀.

2. Owó tí a ń béèrè kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà (₦5,000,000) lọ. A kò ka èlé àti ìnáwó ẹjọ́ mọ́ ọn.

3. Owó náà jẹ́ iye kan pàtó, tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí tàbí tí a lè ṣírò láti inú àdéhùn, láìjẹ́ pé adájọ́ ní láti fojú díwọ̀n rẹ̀.

4. Olùpẹ̀jọ́ ti kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Owó ni kóòtù yìí ń gbọ́, kì í ṣe ohun èlò

Kókó kẹta yìí ni ó máa ń kọ ọ̀pọ̀ olùyáni lẹ́sẹ̀. Ẹni tí àga rẹ̀ kò padà lè rò pé kóòtù yóò pàṣẹ pé kí wọ́n lọ kó àga òun wá. Kóòtù Gbèsè Kéékèèké kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ni a dá a sílẹ̀ fún. Bí ẹ bá wá síbẹ̀ láti sọ pé, “Ẹ bá mi gba nǹkan mi,” tàbí pé, “Ẹ bá mi wo iye tí ó tọ́ sí mi nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ mí,” ẹjọ́ yín kò bá agbára kóòtù náà mu.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Obìnrin oníṣòwò kan ní Ìkòròdú yá ẹnì kan ní 200 àga àti àtíbàbà 3 fún ọjọ́ ìbí ní Agége. Àga 140 àti àtíbàbà 2 péré ni ó padà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣàdéhùn, tí wọn kò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tí ó bá sọnù, owó ìyálò tí a kò tíì san nìkan ni iye rẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àga kan tí kò bá padà jẹ́ ₦7,000, pé àtíbàbà kan jẹ́ ₦180,000, àti pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹrù bá fi pẹ́ jẹ́ ₦10,000, ìṣirò náà kò ṣòro: ₦420,000 fún àga 60, ₦180,000 fún àtíbàbà 1, àti ₦120,000 bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 12 ni ó ti kọjá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦720,000. Èyí jẹ́ gbèsè tí kóòtù náà lè gbọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹrù ń jáde ni a ti ń mọ̀ bóyá kóòtù yìí yóò wúlò fún olùyáni tàbí kò ní wúlò.

Ìwé àdéhùn tí ó yẹ kí ẹ ní

Kò di dandan kí agbẹjọ́rò kọ ọ́. Ojú ìwé kan tó, bí ó bá ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó yá nǹkan, iye ohun èlò ní oríṣìíríṣìí àti bí ipò wọn ṣe rí, ọjọ́ tí wọ́n jáde àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà, owó ìyálò, owó ìdógò tí a gbà, iye tí a ó san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá sọnù, àti ìbuwọ́lùwé àwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹrù bá ń padà, ẹ jọ kà á, kí ẹ sì jọ buwọ́ lùwé.

A fẹ́ kìlọ̀ pé kí iye tí ẹ bá kọ sílẹ̀ jẹ́ iye tí a lè fi ra irú ohun èlò náà ní tòótọ́. Bí ẹ bá fi ₦50,000 lé àga oníke kan lórí, adájọ́ lè sọ pé ìjìyà ni ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye ohun tí ẹ pàdánù, kí ó sì kọ̀ ọ́.

Bí kò bá sí àdéhùn lórí iye, ọ̀nà kan ṣì wà. Bí ẹni tí ó yá nǹkan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn ìnáwó pé òun jẹ yín ní iye báyìí fún ohun tí ó sọnù, ìwé náà ti sọ ọ́ di gbèsè tí iye rẹ̀ dájú. Ẹ má pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ lórí fóònù. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ẹ̀rí tí ó ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde, bí ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí èyí náà kò bá sí, ẹ lè gbé ẹjọ́ yín lọ sí kóòtù Májísíréètì lábẹ́ ìlànà rẹ̀ gbogbogbòò.

Bí a ṣe ń pe ẹjọ́

Ìwé ìbéèrè owó ni ó ṣáájú. Fọ́ọ̀mù SCA 1 ni. Ẹ kọ iye tí ẹ ń béèrè àti bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀rí mọ́ pé ó dé ọwọ́ ẹni náà. Bí kò bá san án, ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù náà, kí ẹ kọ ẹ̀sùn yín sínú Fọ́ọ̀mù SCA 2, kí ẹ sì so ẹ̀dà ìwé ìbéèrè owó mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ni bélíìfù yóò mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún olùjẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ 7. Ìdí nìyí tí àdírẹ́sì tòótọ́ fi ṣe pàtàkì nínú àdéhùn.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n pè lẹ́jọ́

Ẹ má ṣe ju ìwé kóòtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ 7 ni ẹ ní láti fèsì lórí Fọ́ọ̀mù SCA 5. Ẹ lè gbà pé ẹ jẹ owó náà, ẹ lè jiyàn gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀, ẹ sì tún lè béèrè owó tiyín lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́. Fún àpẹẹrẹ, bí ẹ bá ti kó gbogbo ẹrù padà tí olùyáni sì kọ̀ láti dá owó ìdógò yín padà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti sọ ọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́ ń fi ara rẹ̀ wewu, nítorí pé kóòtù lè ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sí gbígbà pé ó jẹ gbèsè, ó sì lè gbọ́ ẹjọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbẹ́jọ́, ìdájọ́ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, adájọ́ yóò gbìyànjú láti mú kí ẹ̀yin méjèèjì parí ọ̀rọ̀ náà ní ìtùnbí-ìnùbí. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo àǹfààní yìí. Ohun tí kóòtù kò lè pa láṣẹ, ẹ̀yin fúnra yín lè fohùn ṣọ̀kan lé e lórí: àga lè padà, kí a sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́jọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé àdéhùn, rìsíìtì àti àwọn ẹlẹ́rìí yín wá ní ọjọ́ tí a dá, nítorí pé kóòtù yìí kì í fẹ́ sún ẹjọ́ síwájú. Ìdájọ́ yóò wáyé láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ìgbẹ́jọ́ bá parí.

Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 14 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ilé-ẹjọ́ Gíga. Bí ẹni tí a dá lẹ́bi bá kọ̀ láti san owó náà, olùpẹ̀jọ́ lè béèrè àṣẹ kóòtù kí àwọn bélíìfù gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ kó ẹrù ẹnikẹ́ni fúnra yín.

Ọlọ́pàá kì í gba gbèsè

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ ní apá 32 pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí ó yẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó yá àga tí ó sì pẹ́ kí ó tó dá a padà jẹ gbèsè. A kò lè tìtorí ìyẹn pè é ní olè. Ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti ní ètekéte láti jí ẹrù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ó lo orúkọ èké tàbí tí ó ta ẹrù náà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dé kóòtù rárá lè lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ yìí, níbi tí a ti ń parí aáwọ̀ láìgba owó. Níbẹ̀, a lè jíròrò lórí ohun èlò àti owó papọ̀.

Ọdún 6 ni òfin fún ẹni tí àdéhùn yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láti pẹjọ́. Síbẹ̀, kí ẹ má dúró títí di ìgbà náà. Ẹlẹ́rìí a máa gbàgbé, rìsíìtì a sì máa sọnù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbẹ̀fà. Kí ẹni tí ó yá nǹkan dá a padà lásìkò, kí olùyáni sì kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹrù tó gun ọkọ̀.