Èbù, Awẹ́ àti Ilà: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Olólùfẹ́ Snowdrop

Ní ọdún 2015, ẹnì kan san 1,390 pọ́n-ùn lórí eBay fún òdòdó ẹyọ kan tí ìdí rẹ̀ kò tóbi ju àlùbọ́sà kékeré lọ. Snowdrop ni òdòdó náà. Golden Fleece ni wọ́n sọ irú èyí, Joe Sharman, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì fi ọdún 18 tọ́ ọ dé ibi tó dé. Bí èèyàn bá sọ èyí fún àwọn tó ń ta fúláwà létí márosẹ̀ ní Ìbàfò àti Mowé, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ìbéèrè yóò dé: kí ni ẹni náà rà gan-an? Kì í ṣe irúgbìn, kì í ṣe igi, kì í ṣe ẹ̀ka.

"Fúláwà" ni gbogbo nǹkan ń jẹ́ létí títì. Ọ̀pẹ kékeré inú náílọ́ọ̀nù dúdú, fúláwà ni. Koríko tí wọ́n ń tẹ́ síwájú ilé, fúláwà náà ni. Èyí tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé tó kàn fẹ́ kí iwájú ilé rẹ̀ fani mọ́ra. Kò tó fún ẹni tó ń kó irú kan náà jọ, tó ń fi èyí wé tọ̀hún.

Snowdrop fúnra rẹ̀ kò ní lè gbé ìlú Ìfọ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ tó nǹkan bí 20, láti Yúróòpù títí kọjá Túkì, òtútù ló sì ń jí i láti abẹ́ ilẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n ń rí i ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, tó rọ orí sílẹ̀ lábẹ́ igi tí kò tíì rúwé. Nígbà tí onímọ̀ ewéko Linnaeus sọ ọ́ ní Galanthus ní 1753, ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló so pọ̀, wàrà àti òdòdó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn mú òjò òtútù, ìyẹn snow, wọ inú orúkọ tiwọn.

Orúkọ yìí ló le jù láti gbé wọ Yorùbá. "Yìnyín" ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu, ṣùgbọ́n yìnyín tí ará Ìfọ̀ mọ̀ ni èyí tó ń bá òjò ńlá wá, tó ń lu páànù gbàgà. Kò rọra bọ́ sílẹ̀ rárá. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí iṣẹ́ wọn parí ní 1884, lo "òjò-dídì", ó sì dára. Níbẹ̀ náà ni wàhálà kejì wà. Nínú Aísáyà orí kìíní, ẹsẹ 18, òjò-dídì àti òdòdó jọ wà pa pọ̀, àwọ̀ pupa ni òdòdó sì dúró fún níbẹ̀, nítorí aṣọ pupa ni àwọn àgbà ń pè ní òdòdó. Ẹni tó bá wá sọ pé "òdòdó òjò-dídì", létí ẹni tó mọ Bíbélì àtijọ́ dáadáa, ó ti po pupa mọ́ funfun. Bíbélì yẹn kan náà ń pe ohun tí ewéko ń yọ ní ìtànná. Ìtànná òjò-dídì, nígbà náà, ni kó máa jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà là. Oko ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó kù, ẹni tó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun ni kò béèrè. Ohun tó wà nílẹ̀ lábẹ́ òdòdó kì í ṣe iṣu gidi, nítorí ìpele ló wà nínú rẹ̀: iṣu onípele. Kéékèèké tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn tí kò lè dúró de ọmọ máa ń fi ọ̀bẹ mímọ́ gé iṣu onípele sí wẹ́wẹ́, kí díẹ̀ lára ìdí tí gbòǹgbò ń gbà jáde wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Wọn á kó o sínú ọ̀rá pẹ̀lú ohun tó tutù níwọ̀nba, títí ọmọ yóò fi yọ láàárín ìpele. Kí ni àgbẹ̀ Ìfọ̀ tó ń gé iṣu fún gbígbìn ń pe ègé bẹ́ẹ̀? Èbù. Ọ̀rọ̀ tán.

Awẹ́ mẹ́fà ló wà lára ìtànná náà, bíi ti obì tó ní awẹ́: mẹ́ta lóde, mẹ́ta kúkurú nínú. Awẹ́ inú ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ máa ń dọ̀bálẹ̀ lórí koríko tútù láti wò, nítorí ibẹ̀ ni àmì wà, aláwọ̀ ewé lọ́pọ̀ ìgbà. Ilà gan-an ni. Bí àgbà ṣe ń wo pélé àti àbàjà kó tó sọ ibi tí èèyàn ti wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wo ilà kí wọ́n tó sọ irú. Awẹ́ inú irú tó ń jẹ́ Merlin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ ewé tán. Ilà Wendy's Gold pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ. Ti Magnet kò sí nínú ilà: ọrùn rẹ̀ ló gùn, tó fi ń mì sọ́tùn-ún sósì nínú atẹ́gùn. James Allen ti Shepton Mallet ló mú Merlin àti Magnet jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ṣé kí a tún orúkọ àwọn irú wọ̀nyí sọ? Yorùbá mọ̀ ọ́n sọ: ẹ̀wà olóyin, iṣu gàm̀bàrí, ẹ̀gẹ́ ọkọ ìyàwó. Ẹ̀gẹ́ TMS 30572 tó ti ọ̀dọ̀ ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn jáde, ágíríìkì ni àgbẹ̀ ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń pe nọ́ńbà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi irú wé irú kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ méjì fún òdòdó kan, owó ẹ̀ẹ̀mejì ni. Kí Merlin máa jẹ́ Merlin.

Àwọn ìwé kan ti ṣíwájú nínú irú iṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú èdè-ìperí Yorùbá fún èdè àti lítíréṣọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Z. O. Gbilẹ̀ kó orúkọ ewé àti igi jọ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn. Orúkọ pọ̀ nínú ìwé Gbilẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ olùtọ́jú ọgbà ló kù.

Ẹni tó bá sì fẹ́ dán àwọn ọ̀rọ̀ yìí wò ní Mowé kò ní láti dúró de òtútù. Ìbátan ìtànná òjò-dídì wà nílé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò, tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní Crinum jagus. Ó ní iṣu onípele, ó ń bímọ, ó ní awẹ́ funfun mẹ́fà, àmọ́ awẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì ní ilà. Ìbátan náà hàn nínú oògùn pẹ̀lú: láti ara snowdrop ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí galantamine, oògùn àìsàn ìgbàgbé tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001. Ní 2004, Houghton, Agbedahunsi àti Adegbulugbe tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò àti Crinum glaucum, torí pé wọ́n ń lò wọ́n fún ìgbàgbé nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n sì rí èròjà inú wọn tó ń ṣiṣẹ́ tó jọ ti galantamine.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sè wọ́n mu. Májèlé wà nínú iṣu onípele snowdrop àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò, èébì ló sì máa ń kọ́kọ́ mú wá. Ẹ̀yin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò létí títì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù, kí ẹ sì jẹ́ kó jìnnà sí àlùbọ́sà.